Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí màbo: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀ nílé ìwé ìjọba?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Wọ́n ní kí àwa olùkọ́ mélòó kan ṣètò bí ilé ìwé wa yóò ṣe máa ran àwọn ọmọ tí ọkàn wọn ti gbọgbẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi: bí ilẹ̀kùn bá ti dún gbàmù, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí. Àwọn kan ní oníjàngbọ̀n ni. Èmi ò gbà. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Mo ti ka ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2011: wò, tẹ́tí sílẹ̀, kí o sì so ẹni náà pọ̀ mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ó wù mí pé wọn ò ní ká fipá mú ẹnikẹ́ni sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ta la fẹ́ so ọmọ pọ̀ mọ́? Olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo la ní, òun náà ló tún ń kọ́ni ní ìṣirò!

Kí ló yẹ ká kọ sílẹ̀, níbo la ó sì tọ́jú ẹ̀ sí tí kò fi ní di òfófó láàárín àwọn olùkọ́? Bó bá jẹ́ inú ilé ni ìyà náà ti ń wá ńkọ́, ṣé òbí la ó ṣì kọ́kọ́ pè? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ètò yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.