Salvador ní Bràsíl, ta ló ti débẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Elétíòkun
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Èmi àtọkọ mi fẹ́ lọ najú ní Salvador, ìlú etíkun tó wà ní Bahia ní Bràsíl yẹn, gbogbo fọ́tò ibẹ̀ tí mò ń rí oòrùn àti òkun ṣáá ni. Oṣù wo ló dáa ká lọ, àdúgbò wo ni ká dé sí? Ọkọ mi ò mọ̀wẹ̀ o, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ etí òkun nìkan la ó jókòó sí títí a ó fi padà.

Sọjí_Arìnrìnàjò
Sístà mi, ẹ sá fún oṣù kẹrin sí oṣù keje, òjò pọ̀ nígbà yẹn. Torí ọkọ yín, Barra ni kẹ́ ẹ dé sí kẹ́ ẹ máa lọ sí etíkun Porto da Barra, ibi tí òkun ti ya wọ ilẹ̀ ló wà, omi ẹ̀ kì í sábà ru, ìwọ̀ oòrùn ló sì kọjú sí, ẹ máa rí oòrùn bó ṣe ń wọ̀ sínú omi, ọ̀pọ̀ etíkun Bràsíl ò ní ìyẹn. Apá Rio Vermelho lọ sí Itapuã ti kọjú sí Atlantic gangan, ìgbì ibẹ̀ le.

Àlàbí_Onítàn
Mo fara mọ́ ti Barra, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí òkè ìlú gba àsìkò yín ju etí òkun lọ. 1549 làwọn Potogí tẹ ìlú yẹn dó, òun sì ni olú ìlú Bràsíl títí di 1763. Pelourinho, àdúgbò òkè ìlú tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú fọ́tò, àwọn ilé àtijọ́ aláwọ̀ mèremère yẹn, ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń na àwọn ẹrú ní gbangba, àwọn èèyàn wa sì pọ̀ nínú wọn. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos, àwọn aláwọ̀ dúdú ló kọ́ ọ. Ní January 1835, nínú Ramadan, àwọn Mùsùlùmí tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn gbógun dìde lójú títì ìlú yẹn torí òmìnira. Ilé òrìṣà Casa Branca ṣì wà níbẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin títí dòní! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ sọ́jà Mercado Modelo, ẹ wọ Elevador Lacerda, ẹ̀rọ agbéniròkè tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1873.

Omítóyìn
Tó bá ṣeé ṣe ẹ jẹ́ kó bọ́ sí February 2, ọjọ́ Yemọja ní Rio Vermelho. Àwọn apẹja ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òdòdó àti lọ́fínńdà ni wọ́n máa ń kó sínú agbọ̀n, ọkọ̀ á wá gbé e lọ sójú òkun, omi bọ́ lójú mi. Àwọn obìnrin aláṣọ funfun á máa din àkàrà nínú epo pupa, acarajé ni wọ́n ń pè é, wọ́n á là á wọ́n á fi vatapá, ọbẹ̀ wọn kan tó ki, àti edé sí i. Ẹ tètè san owó hòtẹ́ẹ̀lì o, èrò máa ń pọ̀, Carnival náà tún ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Elétíòkun
Ẹ ṣé gan-an, ó di February nìyẹn. Ṣé a lè máa rìn ní Pelourinho lálẹ́?

Sọjí_Arìnrìnàjò
Ibi tí èrò wà tí wọ́n ti ń lùlù, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọ̀nà tóóró tó dá, rárá, takisí ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ fi fóònù sápò. Ẹ sì kọ́ Potogí díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, àwọn tó gbọ́ Òyìnbó níbẹ̀ ò pọ̀.