Kí ni mo lè fi ya oko kòkó sọ́tọ̀ sí igbó nínú àwòrán sátẹ́láìtì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ igbó ìjọba Omo, lápá J4, ń dùn mí dọ́kàn. Erin ṣì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ gẹdú ń jáde lóròòru. Mo fẹ́ fi àwòrán han àwọn baálẹ̀ wa bí igbó náà ṣe ń tán lọ.

Mo kọ́kọ́ lo àwòrán sátẹ́láìtì Landsat, ṣùgbọ́n mítà 30 ni ìbú ojú (píksẹ́lì) kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán rẹ̀, ọ̀nà agégẹdú kò hàn. Mo bọ́ sórí sátẹ́láìtì mìíràn, Sentinel-2: mítà 10 ni ojú tirẹ̀, ó sì ń padà wá sórí ibì kan náà ní ọjọ́ 5-5. Ìkùukùu bò ó lásìkò òjò, ni mo bá mú ti oṣù Kejìlá.

Ibẹ̀ ni mo há sí. Oko kòkó kan wà tí mo fẹsẹ̀ ara mi wọ̀: èso pupa lára igi, ewé gbígbẹ ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Láti òkè, òun àti igbó kìjikìji kò yàtọ̀ síra rárá. Mo ti ronú kan Sentinel-1, sátẹ́láìtì tó ń fi rédà (ìgbì rédíò) ya àwòrán, torí ìkùukùu kì í dí i lọ́wọ́, àmọ́ n kò tíì lò ó rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ló dájú jù láti ya méjèèjì sọ́tọ̀? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.