Ta ni yóò tún fíríìjì olówó ṣe?

Ìyá Abẹ́rẹ́:
Ẹ kúulé o. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni iṣẹ́ mi. Olówó kan ta wá lọ́rẹ fíríìjì níbi iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lára ilẹ̀kùn. Tí mo bá dé láàárọ̀, n ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí mo ti ń wo ojú tẹmómítà; àárín 2 sí 8 ló yẹ kó wà. A ti ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin dé, mo bá a ní 31. Ti rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ: àmì kékeré ara ìgò ẹ̀, tó máa ń ṣú tí ooru bá ti pọ̀ jù fún un, ti ṣú. A kó o dànù. Ohun tó bàjẹ́ lára fíríìjì ò ju àtàǹpàkò lọ! Mo kọ̀wé sí àwọn tó fún wa, wọ́n ní owó àwọn wà fún fíríìjì ríra, kò sí fún àtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, irú àánú wo nìyẹn?

Bàbá Láàbù:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Àmọ́ ẹ má bú gbogbo wọn pọ̀. Owó Rockefeller, àjọ ọlọ́rẹ kan ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi wá ìdí ibà pọ́njú (yellow fever). Lọ́dún 1927 wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan, Asibi, ní Gold Coast tó di Gánà. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Max Theiler, fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà náà tí wọ́n ń pè ní 17D ní 1937, òun náà la ṣì ń gún títí dòní. Dókítà Adrian Stokes tó wà nídìí iṣẹ́ ọ̀hún kó àrùn náà, ó sì kú lọ́dún 1927 yẹn. Ìjọba wo ló máa fi ọdún mẹ́wàá náwó sórí ọ̀bọ tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò?

Oníṣirò:
Ẹ̀gbọ́n, ìjọba ò náwó lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní 2022, owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń san fún WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ò tó ìdá kan nínú márùn-ún owó tó ń wọlé fún un. Ọrẹ ló pọ̀ jù nínú ìyókù, ẹni tó mú un wá ló sì sábà máa ń sọ àrùn tí wọ́n máa ná an lé. Wọ́n ní àwọn máa gbé owó ẹgbẹ́ yẹn sókè. Ó kù sọ́wọ́ wọn.

Ìyá Abẹ́rẹ́:
Ẹ ṣé, Bàbá. N ò gbọ́ ti Stokes rí, Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Rockefeller ò kàn ra ẹrù kó sì máa lọ. Ó san owó oṣù àwọn èèyàn lọ́dọọdún, títí iṣẹ́ fi parí. Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn.

Fíríìjì ti ń ṣiṣẹ́ ṣá. Àwa òṣìṣẹ́ la dáwó jọ. Ìwé tí mo fi ń kọ bó ṣe tutù sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, orí orúkọ olówó yẹn ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́.