Ìwé òǹtẹ̀ míì fún Fisterra

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, mò ń fẹsẹ̀ rin ìrìn àjò mímọ́ Camino lọ sí Santiago ní Spain. Láti ìlú Sarria tí mo ti ń gba òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́, ìwé òǹtẹ̀ mi, èyí tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí lójú ọ̀nà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo ṣì fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé Fisterra létí òkun lẹ́yìn Santiago. Ibo ni mo ti lè gba òmíràn?

Ìdáhùn: Ọ́fíìsì tí ẹ ó ti gba Compostela, ìwé ẹ̀rí ìrìn àjò yín, ní Santiago náà ni. Ẹ má sọ ti àkọ́kọ́ nù o!

Ìdáhùn: Bí àyè bá ṣẹ́ kù, ẹ máa lo ti àtijọ́ lọ. Nǹkan bí 90 kìlómítà ni láti Santiago dé Fisterra. Ẹ gba òǹtẹ̀ ní Negreira àti Olveiroa lójú ọ̀nà, torí òǹtẹ̀ ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó fún yín ní Fisterrana, ìwé ẹ̀rí ti Fisterra. Ẹ fi ọ̀rá wé e. Òjò agbègbè Galicia yẹn kì í ṣeré, ó fọ àwọ̀ òǹtẹ̀ tèmi dànù.

Oníbèéèrè: Ẹ ṣé. Ìlú Muxía tó wà létí òkun náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Muxiana ni ìwé ẹ̀rí tibẹ̀.