Mo ń wá ìmọ̀ràn lórí àyẹ̀wò kíndìnrín ní àdúgbò wa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí ní àdúgbò kan n'Íbàdàn. Láàárín ọdún méjì, àrùn kíndìnrín ti pa ẹni mẹ́ta nínú wa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun títí ẹsẹ̀ fi wú, owó tí wọ́n sì fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti kọjá agbára ẹbí wọn.

Láti ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé irú àbùdá APOL1 kan, tó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, tó sì ń dáàbò boni lọ́wọ́ irú àìsàn oorun kan tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni, lè mú kí kíndìnrín ẹni tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá tètè bàjẹ́. A kò lè pààrọ̀ àbùdá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, tí àwọn náà máa ń ba kíndìnrín jẹ́, ṣeé mójú tó.

A fẹ́ kí nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó sì máa yẹ ìtọ̀ wò lọ́jọ́ ìpàdé. Bí a bá rí purotéènì nínú ìtọ̀ ẹnìkan, tó lè jẹ́ àmì pé kíndìnrín rẹ̀ ń bàjẹ́, báwo ni kí á ṣe sọ fún un tí ẹ̀rù kò fi ní lé e lọ sọ́dọ̀ alágbo? Ìyá alágbo wa gan-an gbajúmọ̀ ju ilé ìwòsàn lọ. Àwọn kan ní kí á lé e, èmi ní kí á fà á mọ́ra, kí òun náà máa darí èèyàn wá fún àyẹ̀wò. Ta ló ti gbìyànjú irú èyí rí, báwo ló sì ṣe rí?