Kọ́ọ̀ṣì mi ń yẹ̀ kúrò lórí irin ní kọ́nà

Ẹ kúulé o. Ọkọ̀ ojú irin kékeré ni mo ń tò sórí plywood, oríṣi tí wọ́n ń pè ní OO, àlàfo àárín irin rẹ̀ méjèèjì jẹ́ 16.5 mm. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta (àwọn ọkọ̀ èrò tó ń tẹ̀ lé e), kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá ń rìn sẹ́yìn, tó ń tì wọ́n, tí wọ́n bá ti dé kọ́nà, ti àárín á gbẹ́sẹ̀ kan sókè, ó dojú dé nìyẹn. Kọ́nà ọ̀hún há: ká ní ó yí po di òbìrí, 371 mm péré ni láti àárín òbìrí náà dé irin. Mo ti nu irin, mo ti fi fáìlì ha oríkèé rẹ̀, mo tún lẹ owó ẹyọ sínú kọ́ọ̀ṣì kó lè wúwo (ìyàwó mi ṣì ń wá owó ẹ̀). Pàbó ni. Ṣé kí n tú kọ́nà náà, kí n fẹ̀ ẹ́ dé 438 mm, àbí ìkọ́ tó so kọ́ọ̀ṣì pọ̀ ni kí n pààrọ̀?