Àbọ̀ lórí bátànì tí mo fọwọ́ yà: ó ti yanjú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní kí n wá jábọ̀. Ẹ rántí pé mo fọwọ́ ya bátànì sórí bébà, mo fi skánà gbé e wọ kọ̀ǹpútà, àmọ́ bí mo bá ti gbé e lé fọ́tò, funfun bébà á bo gbogbo rẹ̀.

Mo yí léyà bátànì náà (ìpele àwòrán tó wà lórí fọ́tò) sí Multiply, ọ̀nà ìdàpọ̀ àwọ̀ tó ń mú kí funfun má hàn. Funfun pòórá, ìlà dúdú nìkan ló kù! Lórí fọ́tò tó ṣókùnkùn ṣá, ìlà dúdú ò hàn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sọ dúdú di funfun, tí mo sì sọ funfun di dúdú, kí n tó lo Screen, ọ̀nà ìdàpọ̀ tó ń mú kí dúdú má hàn.

JPEG ni mo tún ń fi pa á mọ́ (ojú ń tì mí díẹ̀), bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń jẹ́ òfìfo (ibi tí kò ní àwọ̀, tí ohun abẹ́ rẹ̀ á hàn) nínú irú fáìlì yẹn. PNG, irú fáìlì tó gba òfìfo, ni mo ń lò báyìí.

Ẹni tó ní kí n lo 300 dpi (píksẹ́lì, ìyẹn ẹ̀kán àwọ̀ kékeré, 300 nínú íńṣì kan), ẹ ṣé gan-an: ojú ewé oníńṣì 12 ń fẹ́ píksẹ́lì 3600, tèmi ò tó ìdajì ẹ̀.

Ẹni tó ní kí n tọ́ àwọn ìlà tó wọ́, mo kọ̀ o. Ọwọ́ mi gan-an nìyẹn. Mo kàn dín opacity (bí bátànì ṣe ń bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó) kù sí 40% ni, ó sì jókòó pẹ̀sẹ̀.